Ìṣirò Tí Ojú Ń Rí: Áísì 555 àti Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ẹlẹ́kítírọ́níìkì

 

Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò tó èékánná àtàǹpàkò. Dúdú ni, ẹsẹ̀ mẹ́jọ tín-ín-rín ló ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Áísì 555 ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é; ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹlẹ́kítírọ́níìkì tí a kó jọ sínú ohun kékeré kan ni à ń pè ní áísì. Iṣẹ́ àsìkò ló ń ṣe. Ó lè tan iná fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí a bá dá fún un, kí ó sì pa á fúnra rẹ̀. Ó lè máa tan iná kí ó sì máa pa á láìsinmi. Bí títàn àti pípa yẹn bá yára tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì so sípíkà mọ́ ọn, ohùn ni yóò dà létí wa.

Ìdí tí mo fi yàn án rèé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́kítírọ́níìkì nílò ohun kan ṣáájú gbogbo ohun èlò: ó ní láti gbà pé iná ní òfin, pé òfin náà ṣe é ṣírò, àti pé ohun tí òun bá ṣírò lórí ìwé ni yóò ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ti ẹnu olùkọ́ wọ ọmọ lára. Ojú ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ rí i. Nínú gbogbo áísì tí mo mọ̀, n kò rí èyí tó ń fi í hàn kedere tó 555, pẹ̀lú owó tí kò pọ̀ àti ewu tí kò tó nǹkan. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ọmọ lè ṣírò, kí ó ṣe é, kí ó sì wò ó bóyá ìṣirò rẹ̀ ṣẹ.

Ẹni tó ṣe é

Hans Camenzind ni orúkọ ẹni tó ṣe 555. Ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1934. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tó dàgbà, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 2012. Ní ọdún 1968, ó dara pọ̀ mọ́ Signetics, ilé iṣẹ́ kan ní California tó ń ṣe áísì. Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀, tí ilé iṣẹ́ náà ń dá òṣìṣẹ́ dúró, Camenzind fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ó sì bá wọn ṣe àdéhùn pé òun yóò máa ya àwòrán áísì fún wọn gẹ́gẹ́ bí agbaṣẹ́ṣe. Abẹ́ àdéhùn yìí ni 555 ti wáyé. Ọdún 1971 ló ṣètò rẹ̀. Ọdún 1972 ló jáde sọ́jà.

Kò sí kọ̀ǹpútà tó bá a ya ohunkóhun. Ó to tirànsísítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣí tó sì ń ti ọ̀nà iná, lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì, ó so wọ́n pọ̀, ó wọn iná wọn, ó ṣàtúnṣe. Nígbà tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi ọ̀bẹ gé àwòrán rẹ̀ sára ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ tó ṣe ń fẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìnlá ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Ó padà sídìí ìrònú. Ó rí i pé rẹsísítọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fún ọ̀nà iná, lè rọ́pò odindi ẹ̀yà tí òun fi ń darí ìṣàn iná. Ẹsẹ̀ kan yọ kúrò, 555 sì wọ inú ilé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí owó rẹ̀ kéré. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ti ń ṣe é, tí iye rẹ̀ sì ti di ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà tí ọkùnrin yìí gbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹ̀yin náà yóò gbà kọ́ ọ: ẹ ṣírò, ẹ tò ó, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún un rò.

Bí ó ṣe ń mọ àsìkò

Ẹ jẹ́ kí a wo ìkòkò tí a gbé sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Ìkòkò ńlá a máa pẹ́ kí ó tó kún, kékeré a sì máa tètè kún. Bí a bá ṣí ẹ̀rọ gbayawu, omi á ya wọlé. Bí a bá fún un mọ́lẹ̀, omi á máa kán tó, tó, tó. Kàpásítọ̀ ni ìkòkò yẹn, iná ni omi, rẹsísítọ̀ sì ni ẹnu ẹ̀rọ tí a fún. Óòmù ni a fi ń ka bí rẹsísítọ̀ ti fún tó. Fáràdì ni a fi ń ka bí kàpásítọ̀ ti gbà tó, ṣùgbọ́n nítorí pé fáràdì kan ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ wa, a ń lo máíkírófáràdì, tí í ṣe ìdá kan nínú mílíọ̀nù rẹ̀. Bí a bá sọ óòmù di púpọ̀ pẹ̀lú fáràdì, ìṣẹ́jú àáyá ló ń bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ti 555 ni pé kí ó máa ṣọ́ ibi tí iná dé nínú kàpásítọ̀. Rẹsísítọ̀ mẹ́ta tó dọ́gba wà nínú rẹ̀, óòmù 5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti pọ́sítíìfù dé nẹ́gátíìfù, wọ́n sì pín iná bátìrì sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba. Bí bátìrì bá jẹ́ fóltì 9, àmì kìíní á wà ní fóltì 3, àmì kejì á wà ní fóltì 6. Ẹ̀yà ìfiwéra kan ń wo ẹsẹ̀ kejì: bí iná ibẹ̀ bá wálẹ̀ ju fóltì 3 lọ, yóò pàṣẹ pé kí ẹsẹ̀ kẹta, níbi tí iná ń gbà jáde, tàn. Ẹ̀yà ìfiwéra kejì ń wo ẹsẹ̀ kẹfà: bí iná ibẹ̀ bá gòkè ju fóltì 6 lọ, yóò pàṣẹ pé kí ẹsẹ̀ kẹta kú. Ẹ̀yà ìrántí kan wà láàárín wọn tó ń di àṣẹ tí wọ́n pa kẹ́yìn mú, títí àṣẹ mìíràn yóò fi dé. Nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ kẹta bá kú, tirànsísítọ̀ kan yóò ṣí ní ẹsẹ̀ keje, yóò sì máa da iná inú kàpásítọ̀ sílẹ̀.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí. Bí a bá yọ bátìrì fóltì 9 tí a fi ti fóltì 6 rọ́pò rẹ̀, èèyàn lè rò pé kàpásítọ̀ yóò pẹ́ kí ó tó kún, àsìkò yóò sì gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni agbára tó ń ti iná wọlé dínkù, ṣùgbọ́n àwọn àmì méjèèjì náà ti sọ̀ kalẹ̀ sí fóltì 2 àti fóltì 4. Bí agbára ṣe dínkù ni ọ̀nà tí iná yóò rìn náà ṣe kúrú, àsìkò kò sì yí padà. Láàárín fóltì 4.5 sí 16 tí wọ́n ṣe 555 lásán fún, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Àwa tí a ń gbé níbi tí iná ìlú ti ń lọ sókè sódò mọ iyì ohun tí ìyípadà iná kò lè da ìṣirò rẹ̀ rú.

Iṣẹ́ kìíní: iná tó ń ṣẹ́jú

Ohun tí a nílò ni áísì 555 kan, bátìrì fóltì 9 kan, iná LED pupa kan, rẹsísítọ̀ óòmù 1,000, ti óòmù 68,000 àti ti óòmù 470, kàpásítọ̀ máíkírófáràdì 10 kan, òmíràn tó jẹ́ máíkírófáràdì 0.01, wáyà díẹ̀, àti pátákó oníhò tí wọ́n ń pè ní breadboard. Pátákó yìí dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò nílò òjé tàbí áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ihò ni a ó máa ki ẹsẹ̀ nǹkan bọ̀, bí a bá ṣì í, a ó fà á yọ. Ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ rà ní ọjà Alábà ní Ọjọ́, l'Ékòó, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò ní ọ̀pọ̀ ìlú wa.

Ìlà àwọ̀ ló wà lára rẹsísítọ̀, òun la fi ń mọ iye rẹ̀. Búráùn, dúdú, pupa ni óòmù 1,000. Àwọ̀ sánmà, eérú, àwọ̀ ọsàn ni 68,000. Ìyeyè, elése-àlùkò, búráùn ni 470.

Ẹ mú áísì náà sọ́wọ́, kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n gé wọlé díẹ̀ ní orí rẹ̀, tàbí kí ẹ rí àmì róbótó kan ní igun. Ẹ kọ ibi gígé yẹn sókè. Ẹsẹ̀ kìíní ló wà lókè lápá òsì. Ẹ máa kà lọ sísàlẹ̀: kejì, kẹta, kẹrin. Ẹ wá fò sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, kí ẹ máa kà á gòkè: karùn-ún, kẹfà, keje, kẹjọ. Ẹsẹ̀ kìíní àti ìkẹjọ yóò wá dojú kọra lókè. Bí áísì náà bá jẹ́ tuntun, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà sẹ́yìn díẹ̀, kò ní fẹ́ wọ ihò. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé orí tábìlì, kí ẹ rọra tì í títí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi dúró ṣánṣán, kí ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e gun ojú kòtò tó la àárín pátákó náà, kí ẹsẹ̀ méjì má baà bọ́ sójú ìlà kan.

Ẹ so ẹsẹ̀ kẹjọ mọ́ pọ́sítíìfù, kí ẹ so ẹsẹ̀ kìíní mọ́ nẹ́gátíìfù. Ẹ so ẹsẹ̀ kẹrin mọ́ ìkẹjọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ lófìfo, áísì lè máa ṣe ségesège. Ẹ fi kàpásítọ̀ 0.01 so ìkarùn-ún mọ́ nẹ́gátíìfù. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 1,000 sáàárín ìkẹjọ àti ìkeje, kí ẹ fi 68,000 sáàárín ìkeje àti ìkẹfà. Ẹ fi wáyà so ìkẹfà mọ́ ìkejì. Kàpásítọ̀ máíkírófáràdì 10 ni yóò wà láàárín ìkejì àti nẹ́gátíìfù. Ẹ kíyè sí ìlà tó wà lára rẹ̀, apá yẹn ni nẹ́gátíìfù. Láti ẹsẹ̀ kẹta, ẹ gba ara rẹsísítọ̀ 470 lọ sí ẹsẹ̀ gígùn LED, kí ẹsẹ̀ kúkúrú rẹ̀ lọ sí nẹ́gátíìfù. Láìsí rẹsísítọ̀ yìí, iná á pọ̀ jù fún LED; bí a ṣe ṣe é yìí, nǹkan bí mílíáńpù 12 ni yóò gba ara rẹ̀ kọjá.

Ẹ má tíì so bátìrì. Kí ọmọ kọ́kọ́ ṣírò. Òfin rẹ̀ ni pé a ó fi ìlọ́po méjì rẹsísítọ̀ kejì kún ti àkọ́kọ́, a ó fi kàpásítọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì tún fi 0.693 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìlọ́po méjì 68,000 jẹ́ 136,000. Fi 1,000 kún un, ó di 137,000. Máíkírófáràdì 10 jẹ́ 0.00001 fáràdì. Ìyẹn di 1.37, pẹ̀lú 0.693, ó di 0.95. Ìṣẹ́jú àáyá 0.95 ni àtitàn àti pípa kan yóò gbà, èyí túmọ̀ sí nǹkan bí ìgbà 63 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ọmọ kọ 63 yìí sínú ìwé rẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan bátìrì.

Ẹ wá so ó. Iná yóò máa ṣẹ́jú. Kí ọmọ máa wo aago, kí ó máa kà. Ó ṣeé ṣe kí ó rí 60 tàbí 66, tàbí kí ó tilẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú mi máa ń dùn sí ìyàtọ̀ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ gidi wà nínú rẹ̀. Kàpásítọ̀ irú èyí lè fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín tàbí lé sí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun láàárín 53 àti 79 bá òfin mu. Ọmọ tó bá mọ èyí ti mọ̀ pé iye tí a kọ sára nǹkan ní ààyè ìyàtọ̀ tirẹ̀, àti pé ìyàtọ̀ ní ìdí tí a lè tọpa rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó yọ bátìrì fóltì 9, kí ó fi bátìrì kékeré mẹ́rin tí àpapọ̀ wọn jẹ́ fóltì 6 rọ́pò rẹ̀, kí ó tún kà. LED yóò ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí yóò kà kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa àwọn àmì méjèèjì, ó ti wá fojú rí i.

Ìdánwò kan ṣì kù tí n kò fẹ́ kí olùkọ́ kankan fò. Ẹ yọ kàpásítọ̀ 10, kí ẹ fi ti máíkírófáràdì 100 síbẹ̀. Àtitàn àti pípa kan yóò wá gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹ gbé mítà oní-nọ́ńbà wá, kí ẹ fi wáyà pupa rẹ̀ kan ẹsẹ̀ kẹfà, kí dúdú kan nẹ́gátíìfù. Pẹ̀lú bátìrì fóltì 9, ẹ ó rí i tí iye náà ń gòkè: fóltì 3, mẹ́ta ààbọ̀, mẹ́rin, márùn-ún. Bí ó ṣe ń gòkè sí i ni ìrìn rẹ̀ ń lọ́ra sí i. Bí ó bá ti kan fóltì 6, LED á kú, iye náà á sì yí padà, á máa sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan fóltì 3, kí LED tó tún tàn. Gbogbo ohun tí mo ti ṣàlàyé nípa inú áísì tí a kò lè ṣí ló hàn lójú mítà yìí.

Iṣẹ́ kejì: iná tó ń kú fúnra rẹ̀

Nínú iṣẹ́ kejì, ọmọ yóò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, iná yóò tàn fún ìwọ̀n àsìkò kan, yóò sì kú. Irú ètò yìí ni a fi ń ṣe iná orí àtẹ̀gùn tí kì í jẹ́ kí iná jó mọ́jú. Ẹ yọ rẹsísítọ̀ 1,000 àti 68,000, kàpásítọ̀ 100, àti wáyà tó so ìkẹfà mọ́ ìkejì kúrò, kí ẹ wá so ẹsẹ̀ kẹfà àti ìkeje pọ̀. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 100,000 so wọ́n mọ́ ìkẹjọ, kí ẹ fi kàpásítọ̀ 100 so wọ́n mọ́ nẹ́gátíìfù. Rẹsísítọ̀ 10,000 ni yóò gbé ẹsẹ̀ kejì mọ́ pọ́sítíìfù, bọ́tìnnì yóò sì wà láàárín ẹsẹ̀ kejì náà àti nẹ́gátíìfù. Ẹ jẹ́ kí ìkẹrin, ìkarùn-ún àti LED wà bí wọ́n ṣe wà.

Òfin tibí rọrùn: 1.1 lọ́nà rẹsísítọ̀ lọ́nà kàpásítọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 11 ló jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ yí ìbéèrè padà: bí a bá fẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi 1.1 àti 0.0001 pín 30, yóò rí nǹkan bí 272,700. Kò sí irú rẹsísítọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni 270,000, tí í ṣe pupa, elése-àlùkò, ìyeyè, òun yóò sì fún un ní 29.7. Ọmọ náà ti kúrò ní ẹni tó ń tẹ̀ lé àwòrán ẹlòmíràn. Ó ti ń pinnu ohun tí òun fẹ́, ó sì ń ṣírò ohun tí yóò gbé e dé ibẹ̀. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ẹnjiníà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní SS3 lè fẹ́ mọ ibi tí 0.693 àti 1.1 ti wá. Bí kàpásítọ̀ bá ń gba iná, ohun tó kù kí ó kún ló ń dínkù ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Nínú iṣẹ́ kìíní, iná ń gòkè láti ìdá kan nínú mẹ́ta dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ohun tó kù kí ó kún dínkù láti ìdá méjì nínú mẹ́ta sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ìyẹn ni pé ó pín sí méjì. Lọ́gárídímù àdánidá ti 2 jẹ́ 0.693. Nínú iṣẹ́ kejì, láti òfo ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù pín sí mẹ́ta, lọ́gárídímù àdánidá ti 3 sì jẹ́ 1.0986, tí a ń pè ní 1.1. Lọ́gárídímù tí ọ̀pọ̀ yín ń há sórí nítorí ìdánwò wà nínú iná tó ń kú lójú yín yìí.

Iṣẹ́ kẹta: ẹ̀rọ tó ń pariwo bí táńkì bá kún

Ìṣòro tí iṣẹ́ kẹta fẹ́ yanjú wà nílé ọ̀pọ̀ wa. A tan ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sókè, a gbàgbé rẹ̀, omi kún táńkì, ó ń dà sílẹ̀, owó iná tàbí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ń bá a lọ.

Ẹ padà sí bí a ṣe to iṣẹ́ kìíní, kí ẹ fi rẹsísítọ̀ 10,000 rọ́pò 68,000, kí ẹ sì fi kàpásítọ̀ 0.1 rọ́pò ti 10. Ìṣirò náà yóò fún wa ní nǹkan bí ìgbà 690 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tó mú létí dáadáa. Ẹ yọ LED àti rẹsísítọ̀ rẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ kẹta. Láti ibẹ̀, ẹ gba ara rẹsísítọ̀ 100 àti kàpásítọ̀ máíkírófáràdì 10, tí pọ́sítíìfù rẹ̀ kọjú sí áísì, lọ sára sípíkà kékeré, kí ẹsẹ̀ sípíkà kejì lọ sí nẹ́gátíìfù.

Ẹsẹ̀ kẹrin ni yóò ṣiṣẹ́ àṣẹ báyìí. Ẹ tú u kúrò lára ìkẹjọ, kí ẹ fi rẹsísítọ̀ 10,000 so ó mọ́ nẹ́gátíìfù. Sípíkà á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ wá mú tirànsísítọ̀ BC547. Bí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ tó tẹ́ sí ara yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, láti òsì lọ sí ọ̀tún ni kọlẹ́tọ̀, béèsì àti ẹ̀mítà. Kọlẹ́tọ̀ lọ sí pọ́sítíìfù, ẹ̀mítà lọ sí ẹsẹ̀ kẹrin, béèsì gba ara rẹsísítọ̀ 10,000 lọ sí wáyà gígùn kan tí orí rẹ̀ yóò wà lókè táńkì. Wáyà gígùn kejì yóò ti pọ́sítíìfù lọ síbẹ̀. Ẹ so irin tí kì í dípẹtà mọ́ orí méjèèjì, nítorí pé bàbà á bàjẹ́ nínú omi. Nígbà tí omi bá dé ọ̀dọ̀ irin méjèèjì, iná tó kéré jọjọ á gba inú omi kọjá sí béèsì, tirànsísítọ̀ á ṣí, ẹsẹ̀ kẹrin á gòkè, sípíkà á sì ké.

Ẹ fi súwíìṣì sára bátìrì, kí ẹ máa tàn án kìkì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fa omi, nítorí pé 555 lásán ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀ bí ó tilẹ̀ dákẹ́.

Iṣẹ́ yìí kọ́ wa ní nǹkan tó tóbi ju ariwo lọ: ohun tó wà nínú ayé, ìbáà jẹ́ omi, ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru, lè di iná tí áísì lóye. Bí a bá fi rẹsísítọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń yí iye rẹ̀ padà síbi tí 10,000 wà láàárín ìkeje àti ìkẹfà, ohùn á máa yí padà bí a ti ń fi ọwọ́ bo ìmọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà Apple II, tó jáde ní ọdún 1977, lo ìmọ̀ yìí gan-an. Ìbátan 555 kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 558, tó ní ẹ̀yà àsìkò mẹ́rin nínú, ló fi ń mọ ibi tí ẹni tó ń ṣeré yí ọwọ́ ìdarí rẹ̀ dé: rẹsísítọ̀ ń yí, àsìkò ń yí pẹ̀lú rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń ka àsìkò náà.

Nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọ yóò so bátìrì tí nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ bá a ṣe é. Ibi tí òye ti ń jinlẹ̀ nìyí. Bí áísì bá gbóná, kí ó yọ bátìrì lójú ẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó ti fi í sí òdì. Bí kò bá gbóná, kí ó fi mítà wọn ẹsẹ̀ kẹjọ sí ẹsẹ̀ kìíní: ṣé fóltì 9 wà níbẹ̀? Bí kò bá sí, bátìrì tàbí wáyà ni. Bí ó bá wà, kí ó wọn ìkẹrin. Lẹ́yìn náà, kí ó wọn ìkẹfà. Bí iná ibẹ̀ bá ń gòkè tó ń sọ̀, áísì àti kàpásítọ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀bi náà wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ kẹta: bóyá ó gbé LED sódì. Bí iná ibẹ̀ bá dúró sójú kan, ẹ̀bi náà wà ṣáájú: rẹsísítọ̀ kan kò wọ ihò tó yẹ, tàbí ìkejì àti ìkẹfà kò so pọ̀. Ìbéèrè kan pa ìdajì ibi tí à bá wá kiri rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ tí ẹ wà níbí mọ̀ pé ọgbọ́n yìí ni ẹ fi ń jẹun. Ẹni tó kọ́ ọ lára ẹsẹ̀ mẹ́jọ yóò lò ó lára ẹ̀rọ tó ní ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Bátìrì kékeré nìkan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò. Iná ìlú, tó jẹ́ fóltì 230, lè pa èèyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ohunkóhun nínú ohun tí mo sọ lónìí mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ táńkì pa ẹ̀rọ ìfami fúnra rẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ sí olùkọ́ àti òbí

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ti kọjá 555, pé kí a gbé Arduino àti àwọn pátákó mìíràn tí à ń kọ ètò sínú wọn fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ràn àwọn pátákó wọ̀nyẹn, mo sì fẹ́ kí ọmọ wa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí iná kò tàn, kò ní mọ̀ bóyá ètò tó kọ ló ṣì, àbí wáyà, àbí kọ̀ǹpútà tó fi kọ ọ́. Ibi tí ìdáhùn lè sá pamọ́ sí ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Nínú 555, kò sí ètò, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju òfin iná, ìṣirò, àti ọwọ́ ọmọ lọ. Bí ó bá ti fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ mọ èyí, yóò dé ìdí Arduino pẹ̀lú ojú tó mọ ohun tó ń wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wúwo. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní pátákó oníhò díẹ̀, mítà kan, àti àpò áísì 555 kan. Kí àwọn ọmọbìnrin jókòó síwájú tábìlì náà bí ọkùnrin ṣe jókòó. Kí olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ ìṣirò jọ wà nínú yàrá kan ní ọjọ́ iṣẹ́ náà, nítorí pé iṣẹ́ àwọn méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì. Kí ọ̀gá tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wá fi bí a ṣe ń wá ẹ̀bi han àwọn ọmọ, kí a sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ kọ sára ògiri yàrá náà: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ so bátìrì kí ó tó kọ iye tó ń retí sílẹ̀. Bí ohun tó rí bá bá ohun tó kọ mu, kí ó mọ̀ pé òye ara òun ló gbé òun dé ibẹ̀. Bí kò bá bá a mu, kí ó wá ìdí rẹ̀ kí ó tó dìde lórí àga. Ọmọ tó bá ti mọ́ lára láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ìbáà jẹ́ ti ẹni tó ń ta ọjà fún un, ìbáà jẹ́ ti olóṣèlú, ìbáà jẹ́ èmi tí mo dúró níwájú yín yìí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìlú wa nílò, a sì lè bẹ̀rẹ̀ sí tọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

 Mo ṣetán láti gba ìbéèrè yín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni n ó sì kọ́kọ́ dá lóhùn.